Ta Ni Ó Ní Àṣẹ Láti Túmọ̀ Òfin Ìlú? Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ẹjọ́ Èṣùgbàyí, Elékòó

Ọ̀rọ̀ ìtàn ni a ní kí n wá sọ, kì í ṣe ìwàásù. Ṣùgbọ́n àlùfáà kò lè gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ pátápátá. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n ti inú Ìwé Mímọ́ bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí àwọn Júù ti oko ẹrú Bábílónì padà bọ̀ sí Jerúsálẹ́mù, a kà á nínú ìwé Nehemáyà pé Ẹ́sírà akọ̀wé dúró lórí àga gíga tí a fi igi kàn, ó ṣí ìwé òfin, ó sì kà á sí etígbọ̀ọ́ ọkùnrin àti obìnrin láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò mọ ní kíkà nìkan. Àwọn ọmọ Léfì wà níbẹ̀, wọ́n ń là á yé àwọn ènìyàn. Ẹ kíyèsí i: ìwé náà ti wà, gbogbo wọn ni ó sì gbà pé ti Ọlọ́run ni, síbẹ̀ wọn kò lè ṣe aláìní ẹni tí yóò sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Òfin kò ní ẹnu tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ní àṣẹ láti sọ ìtumọ̀ rẹ̀, ọwọ́ ẹni náà ni agbára òfin wà.

Ta ni ó yẹ kí a fi àṣẹ ńlá yìí lé lọ́wọ́? Ṣé ọba tàbí gómìnà tí ń ṣe àkóso ni? Ṣé adájọ́ ni? Tàbí àwọn ará ìlú fúnra wọn, tí òfin náà jẹ́ tiwọn? Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun ní Èkó. Láti Ìgá Ìdúngànràn ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni ó ti gbéra, ó gba inú ilé ẹjọ́ kọjá, ó sì la òkun já dé Lọ́ńdọ̀nù. Ìtàn Èṣùgbàyí, Elékòó, ni èmi yóò fi dá a lóhùn.

Kí a tó dé orí Èṣùgbàyí, ó yẹ kí a mọ irú òfin tí a ń jà lé lórí. Kí àwọn òyìnbó tó gba Èkó, ìlú yìí ní òfin ìpìlẹ̀ tirẹ̀, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Ọba ni ó jókòó ní Ìgá, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni ìlú. Ọ̀wọ́ ìjòyè mẹ́rin ni ó yí i ká. Àwọn Ìdẹ̀jọ, àrọ́mọdọ́mọ Olófin, ni onílẹ̀. Fìlà funfun ni àmì oyè wọn. Àwọn Akárìgbẹ̀rẹ̀, tí Ẹlẹ́tù Òdìbò jẹ́ olórí fún, ni ọ̀ràn ìfọbajẹ wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn Ògàláde ń ṣe ètùtù ìlú. Àwọn Àbàgbọ̀n, tí Aṣọ́gbọ́n jẹ́ olórí fún, ni jagunjagun. Ìtàn tilẹ̀ sọ pé ilẹ̀ tí Ìgá dúró lé lórí, oko ata Arómirẹ́, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ̀jọ, ni ó jẹ́ rí. Ọba tí ó jókòó sórí ilẹ̀ onílẹ̀ mọ̀ dájú pé igi kan kì í dá igbó ṣe.

Ìlú tí ó fi ọba jẹ lè kọ ọba pẹ̀lú. Àwọn àgbà sọ ọ́ pé ní nǹkan bí ọdún 1834, nígbà tí ìlú kọ Ìdéwù Òjúlàrí, tí ọ̀rọ̀ náà sì dé etí ọba Bìní, Ìdéwù fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Àṣà líle ni èyí. Ẹ fi í sí ìrántí, nítorí a ó tún padà bá a níwájú àwọn adájọ́.

Ní ìparí oṣù December 1851 ni àwọn ọkọ̀ ogun òyìnbó fi ìbọn ńlá fọ́ Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́ lọ, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Akítóyè kú ní 1853, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ sì jọba. Ní ọjọ́ 6 oṣù August 1861, nígbà tí ọkọ̀ ogun Prometheus ti gúnlẹ̀ sí ọ̀sà wa, ọba náà fi ọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó fún Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níwájú McCoskry, ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ kọ́ńsù, àti Bedingfield, ọ̀gá ọkọ̀ ogun náà. Kò pẹ́ rárá tí Dòsùnmú fi kọ̀wé ẹ̀hónú sí Ọbabìnrin Victoria.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìwé náà dáadáa, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ìjà tí ó tẹ̀lé e ti hù. Ó wí pé Dòsùnmú fi erékùṣù Èkó àti ohun tí ó jẹ mọ́ ọn sílẹ̀ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ó tún wí pé a ó jẹ́ kí ó máa jẹ́ ọba, ní ìtumọ̀ tí àwọn ènìyàn Áfíríkà ń fún oyè bẹ́ẹ̀, àti pé ó lè parí ìjà láàrin àwọn ọmọ ìlú bí wọ́n bá gbà, kìkì pé ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bá òfin Gẹ̀ẹ́sì. Wàyí o, kí ni ìtumọ̀ ọba ní ọ̀nà ti Áfíríkà? Ìwé náà kò sọ. Bí a bá wí pé ọba fi ilẹ̀ sílẹ̀, ilẹ̀ wo ni ó lè fi sílẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn Ìdẹ̀jọ ni ó ni ín? Ìwé náà kò sọ ìyẹn pẹ̀lú. Ẹni tí ó kọ ọ́ ni ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún nǹkan bí 60 ọdún. Nígbà tí ó bá wu ìjọba, ọba di ẹni tí kò ní agbára kankan. Nígbà tí ó bá tún wù ú, ọba yìí kan náà ni ó ti fi gbogbo ilẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dé ilé ẹjọ́ ńlá. Ní 1913 ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Apápá fún iṣẹ́ ìlú. Àmódù Tìjání, Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ̀jọ, ní kí a san owó ilẹ̀ náà fún ẹbí òun gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní Èkó kò gbà pé ó ju ẹni tí ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ. Olóyè náà kò ṣàárẹ̀. Ní 1920 ó wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn níwájú Privy Council, ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, Herbert Macaulay sì bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀ rẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin ará: ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni, bàbá rẹ̀ ni ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ Grammar School ti C.M.S. sílẹ̀ ní 1859. Ní oṣù July 1921 ni Viscount Haldane ka ìdájọ́: ìwé 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí àti ti ìlú, olóyè sì ń tọ́jú rẹ̀ fún wọn. Ó kìlọ̀ pé kí adájọ́ má ṣe gbé èrò tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní nípa ohun ìní wá wọ àṣà ilẹ̀ mìíràn lára, bí kò ṣe kí ó wádìí bí àwọn onílẹ̀ náà ti ń lo ilẹ̀ wọn. Nábótì kú nítorí ogún àwọn bàbá rẹ̀. Ti Olúwa yàtọ̀, nítorí ó rí adájọ́ tí kì í jẹun níbi tábìlì Áhábù.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù yìí ni ó dá wàhálà Elékòó sílẹ̀. Èṣùgbàyí, tí ó ti wà lórí oyè láti 1901, ti fi ọ̀pá àṣẹ rẹ̀ rán àwọn arìnrìn-àjò náà. Nígbà tí Macaulay sọ̀rọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù nípa títóbi Elékòó, inú bí ìjọba ní Èkó. Wọ́n ní kí ọba sẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó fi ìwé sọ pé òun kọ́ ni ó rán Macaulay ní iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí ó tún rán akéde pẹ̀lú agogo káàkiri ìlú láti dójú ti ọkùnrin náà, ó kọ̀. Ní oṣù December 1920 ìjọba kéde pé àwọn kò mọ̀ ọ́n ní Elékòó mọ́, owó tí wọ́n ń san fún un sì dúró.

Ìlú pín sí méjì. Ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀ tí Macaulay dá sílẹ̀ ní 1923, àwọn ìyá ọjà, àti ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí, dúró ti Elékòó. Kí n má purọ́ fún yín, ẹ̀yin ará ìjọ: nínú àwọn ọ̀mọ̀wé Kristẹni ìlú yìí, àwọn kan dúró ti ìjọba, ìwé ìròyìn Nigerian Pioneer ti Kitoyi Ajasa sì ń gbe ìjọba lẹ́sẹ̀. Wọ́n rò pé òfin ni ohun tí gómìnà bá wí.

Ní 1925 àwọn kan nínú ìdílé Dòsùnmú péjọ, wọ́n ní àwọn ti rọ Èṣùgbàyí lóyè. Ìjọba gba ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n sì gba Ìbíkúnlé Akítóyè ní Elékòó dípò rẹ̀. Nínú oṣù August ọdún náà, ẹni tí ó di ipò gómìnà mú fi ọwọ́ sí ìwé àṣẹ kan. Ohun mẹ́ta ni ó kọ síbẹ̀: pé olóyè ìbílẹ̀ ni Èṣùgbàyí, pé a ti rọ̀ ọ́ lóyè, àti pé àṣà ìbílẹ̀ béèrè pé kí ẹni tí a rọ̀ lóyè fi ìlú sílẹ̀. Wọ́n mú arúgbó ọba náà, wọ́n sì gbé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹni tí ó bá ní làákàyè lè bèèrè pé: bí ìjọba kò bá mọ̀ ọ́n ní ọba láti 1920, oyè wo ni a rọ̀ ọ́ ní 1925?

Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́, wọ́n sì béèrè fún ìwé tí a ń pè ní habeas corpus. Iṣẹ́ ìwé náà kò ju ẹyọ kan lọ: ó ń bi ẹni tí ó mú ọmọnìkejì rẹ̀ dè pé, òfin wo ni ó fún ọ ní àṣẹ? Ìjọba dáhùn pé gómìnà ti wí i, ó sì ti parí. Àwọn adájọ́ ní Èkó kọ̀ láti wádìí. Ọ̀rọ̀ náà dé Privy Council ní 1928, wọ́n sì dá a pé ẹni tí a dè lè tọ adájọ́ kan lẹ́yìn èkejì lọ, olúkúlùkù wọn ni ó sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún kan náà ni a fi Macaulay sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ohun tí Lagos Daily News tẹ̀ jáde pé àwọn kan ń gbèrò láti pa Elékòó. Bẹ̀rẹ̀ láti 1925 títí dé 1931, ọba kan jókòó ní ìgbèkùn, ìlú sì ń dá owó ẹjọ́.

Ní ọjọ́ 24 oṣù March 1931 ni Lord Atkin ka ìdájọ́ tí ayé ń tọ́ka sí títí di òní. Ẹ jẹ́ kí n pín in sí mẹ́ta fún yín.

Èkíní, kò sí ìránṣẹ́ ìjọba, ì báà ṣe gómìnà, tí ó lè fọwọ́ kan òmìnira tàbí ohun ìní ẹnikẹ́ni, bí kò ṣe pé ó lè fi hàn ní ilé ẹjọ́ pé òfin fún un ní àṣẹ. Bí òfin bá wí pé gómìnà lè lé olóyè tí a ti rọ̀, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá olóyè ni, bóyá a rọ̀ ọ́ ní tòótọ́, àti bóyá àṣà béèrè pé kí ó lọ. Ẹnu gómìnà kò tó láti sọ ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di òtítọ́. Àwọn àgbà wa ti sọ èyí tipẹ́: agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Mélòómélòó ni ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ara rẹ̀, tí ó sì dá a fún ara rẹ̀?

Èkejì, adájọ́ kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rù. Nígbà tí ìjọba bá ń bínú gan-an ni ó yẹ kí adájọ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìwo ojú. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù rí i pé Fẹ́stù fẹ́ ṣe ojú rere sí àwọn tí ń lépa òun, ó ní kí a gbé òun lọ síwájú Késárì. Ọ̀nà kan gbọ́dọ̀ wà tí ẹni tí a ń ni lára lè gbà kúrò lábẹ́ ojú ẹni tí ń ni ín lára.

Ẹ̀kẹta ni ó jinlẹ̀ jùlọ. Nínú ẹjọ́ náà a sọ pé ní àtijọ́ ikú ni ìpín ọba tí a kọ̀, bí a ti rí i nínú ìtàn Ìdéwù, àti pé lílé kúrò ní ìlú ni ọ̀nà tí ó rọ̀ jù tí ó ti rọ́pò rẹ̀. Lord Atkin kò kọ̀ pé àṣà lè yí padà kí ó sì rọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò yí i padà? Ó ní kì í ṣe iṣẹ́ ilé ẹjọ́ láti mú àṣà búburú kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di rere. Bí ó bá burú, kí adájọ́ kọ̀ ọ́. Bí a bá wí pé ó ti yí padà, a gbọ́dọ̀ fi hàn pé àwọn ènìyàn tí àṣà náà ń darí ni ó gbà á. Ìfọwọ́sí àwọn ènìyàn ni ó ń fún àṣà ní ẹ̀mí.

Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará. Gómìnà wí pé òun mọ àṣà Èkó. Ilé ẹjọ́ wí pé: ìwọ kọ́, èmi gan-an kọ́, ẹ pe àwọn ará Èkó wá. Adájọ́ ni ó ní àṣẹ láti sọ ìtumọ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó ni òfin. Ìlú ni ó ni ín. Ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀ùn-ún.

A dá ẹjọ́ náà padà sí Èkó kí a lè wádìí ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ìwádìí tó parí, gómìnà tuntun, Sir Donald Cameron, dé ní 1931, ó sì wá ọ̀nà àlàáfíà. Èṣùgbàyí padà wọ Èkó pẹ̀lú ayọ̀ ńlá. Sànúsí Olúsì, tí ó jọba lẹ́yìn tí Ìbíkúnlé Akítóyè kú ní 1928, fi Ìgá sílẹ̀ fún un. Ọdún kan péré ni arúgbó náà fi gbádùn rẹ̀. Ó wàjà ní oṣù October 1932. Èkó gba ọba rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n àlàáfíà náà ni kò jẹ́ kí a gbọ́ ìdájọ́ lórí ohun tí àṣà wa jẹ́ ní tòótọ́.

Ẹnìkan lè wí pé: àwọn òyìnbó ni ó gba ìlú wa, àwọn òyìnbó kan náà ni ó sì dá wa láre, ògo wo ni ó wà nínú rẹ̀? Òtítọ́ ni. Ìtìjú wà nínú rẹ̀ pé a ní láti la òkun já kí a tó rí ẹni tí yóò béèrè ohun tí àṣà Èkó wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí agbára di tiwa, kí ni a ṣe?

Ní oṣù May 1962, ọdún kejì òmìnira, àwọn aṣòfin 66 ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn kọ̀wé sí Gómìnà, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, Ọọ̀ni ti Ifẹ̀, pé àwọn kò sí lẹ́yìn Premier S. L. Akíntọ́lá mọ́. Gómìnà yọ ọ́, ó sì fi Adégbénró sípò rẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ wí pé Gómìnà lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí ó bá hàn sí i pé Premier kò ní ọ̀pọ̀ aṣòfin lẹ́yìn mọ́. Báwo ni ó ṣe gbọ́dọ̀ hàn sí i? Ṣé ìwé tó, tàbí dandan ni kí a dìbò ní ilé ìgbìmọ̀? Nínú oṣù July, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti orílẹ̀-èdè wa dá Akíntọ́lá láre. Ní oṣù May 1963, Privy Council dá Adégbénró láre. Kíá, ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn tún òfin ìpìlẹ̀ kọ, wọ́n sì mú kí àtúnkọ náà bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 2 oṣù October 1960, ọjọ́ tí ó ti kọjá lọ. Wọ́n dá ìdájọ́ tí kò wù wọ́n dúró nípa yíyí ọ̀rọ̀ tí adájọ́ ti kà padà lẹ́yìn tí ó ti kà á. Ní ọjọ́ 1 oṣù October 1963, ọ̀nà Privy Council di pípa. Ó yẹ kí ó pa, nítorí orílẹ̀-èdè tí ó gba òmìnira yẹ kí ó máa dá ẹjọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n a pa á pẹ̀lú ìwà yìí lọ́wọ́ wa. Ní 1970, nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga jùlọ sọ nínú ẹjọ́ Lákànmí pé ìjọba kò lè fi òfin ṣe iṣẹ́ adájọ́, ìjọba ológun gbé Decree 28 jáde láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì sọ ìdájọ́ náà di òfo.

Òfin ìpìlẹ̀ 1999 tí a ń lò lónìí fi agbára ìdájọ́ lé àwọn ilé ẹjọ́ lọ́wọ́ ní ẹsẹ̀ 6, ó sì wí ní ẹsẹ̀ 235 pé ibi tí ilé ẹjọ́ gíga jùlọ bá parí ẹjọ́ sí, kò sí kòtẹ́milọ́rùn mọ́. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ìtàn Elékòó kọ́ wa pé ìwé nìkan kò lè gbà wá. Ní 1925 òfin wà, adájọ́ wà, síbẹ̀ ọba lọ sí ìgbèkùn, nítorí adájọ́ kọ̀ láti bèèrè. Ohun tí ó gbà á ni pé ìlú kò dẹ́kun láti béèrè fún ọdún mẹ́fà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gba Ẹbúté Èrò àti Ìsàlẹ̀ Èkó kọjá lọ sí ilé Ọlọ́run ní ọjọ́ ìsinmi, mo fi iṣẹ́ mẹ́ta lé yín lọ́wọ́. Ẹ ka òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ yìí, kí ẹ sì kà á fún àwọn tí kò lè kà. Bí a bá pè yín ṣe ẹlẹ́rìí nípa àṣà, nípa oyè, tàbí nípa ilẹ̀, ẹ sọ òtítọ́, ì báà ṣe sí ẹbí yín. Nítorí adájọ́ tí ó dára jùlọ yóò ṣìnà bí ẹni tí ó ni òfin bá purọ́ fún un. Kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti inú ìjọ. Alága ìgbìmọ̀ ìjọ tí ó di ìwé ìlànà mú lọ́wọ́ ara rẹ̀, tí ó ń ka ẹsẹ̀ tí ó gbè é, tí ó sì ń ṣí èyí tí kò gbè é kọjá, kò ní ẹnu láti bá gómìnà kankan wí.

Ẹ́sírà kò ka ìwé òfin nínú yàrá. Ní gbangba ni ó kà á, ní ojúde tí ó wà níwájú ẹnubodè, kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́, kí ó sì yé wọn. Kí Ọlọ́run fún wa ní adájọ́ tí kò bẹ̀rù, aláṣẹ tí ń gbọ́ ìbáwí, àti ará ìlú tí ó mọ òfin tí ó jẹ́ tirẹ̀. Àmín.